Ojú Omi Ni Iṣẹ́ Wà: Kútẹ́ẹ̀sì Orí Omi ní Ìkirè àti Àpòmù

Alábàáṣiṣẹ́ mi kan ti sọ ọ́ níbi àpérò, ó sì tún kọ ọ́ sílẹ̀, pé kútẹ́ẹ̀sì orí omi tí àwọn ọmọge ń ṣe sí èékánná kò ju àdìrẹ tó ṣí lọ sórí ìka. Gbólóhùn náà dùn létí, ó sì rọrùn fún ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi gbé iṣẹ́ kékeré ga. Kò tọ̀nà. Ẹni tó bá ti jókòó ti ife omi kan pẹ̀lú igo kútẹ́ẹ̀sì méjì rí kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Aládìrẹ ń dí ojú aṣọ ni. Ì báà fi ìko so ó, ì báà fi ẹ̀kọ láfún kọ ọ́, ó ti ṣètò ibi tí aró kò ní dé kí aṣọ tó wọ inú ìkòkò. Ìwé Adire Cloth in Nigeria, tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1971, ti la èyí yé wa. Ó yẹ kí àwọn ojúgbà mi máa ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kódà kàǹpálà tí wọ́n rún pọ̀ kí wọ́n tó so ó, tí ojú rẹ̀ wá rí bíi mábù, aṣọ náà ni wọ́n rún. Ní ti kútẹ́ẹ̀sì orí omi, iṣẹ́ ti parí kí èékánná tó dé ibẹ̀. Èékánná kàn wá gbé e ni.

Ọ̀nà rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: omi tí kò gbóná tí kò sì tutù, ẹ̀kán kan nínú òmíràn, igi ìtayín láti fi fà á, kí ìka wá wọlé. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni ìdí tí àkókò fi kéré. Nitrocellulose tó wà nínú kútẹ́ẹ̀sì ni wọ́n yọ́ sínú èròjà bí ethyl acetate àti butyl acetate. Bí ẹ̀kán bá kan omi, ó tàn ká, èyí tó yọ́ ọ ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́, awọ fẹ́lẹ́ kan ló sì kù. Bí omi bá tutù jù, tàbí tí kútẹ́ẹ̀sì bá ti ki, ẹ̀kán á rì lọ sísàlẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì tó gbòde báyìí kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí iná ló ń mú jẹ́ẹ̀lì le.

Bí a bá ní láti wá ẹbí fún un, ẹ jẹ́ ká dé Japan, níbi tí wọ́n ti ń fi tàdáwà sórí omi lásán láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá. Ẹbí tí mo fẹ́ràn jù wà ní Tọ́kì: ebru, tí UNESCO fi sínú àkójọ àjogúnbá rẹ̀ ní 2014. Hatip Mehmed Efendi, oníwàásù Ayasofya ní Istanbul, tó kú ní 1773, máa ń kán àwọ̀ lé inú àwọ̀ títí yóò fi di òrùka nínú òrùka, yóò wá fi abẹ́rẹ́ fà á kí ó di òdòdó tàbí ìràwọ̀. Òrùka nínú òrùka yìí gan-an ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ èékánná ní Ìkirè máa ń kọ́kọ́ kọ́, láìgbọ́ orúkọ oníwàásù kankan. Ṣùgbọ́n àwọn ará Tọ́kì ń fi oje igi mú omi ki, wọ́n ń fi òróòro màlúù tan àwọ̀, ọwọ́ wọn sì lè falẹ̀. Ọmọ Ìkirè kò ní oje igi, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló ní.

Mo ti wò wọ́n nídìí iṣẹ́, ní tòsí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá sọ ni pé, “Ẹ pa fáànù!” Afẹ́fẹ́ fáànù ń gbẹ awọ ojú omi kí igi ìtayín tó dé àárín, ọyẹ́ sì burú jù ú lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá fà á pẹ́ kò ní rí òdòdó. Awọ náà á hunjọ, á tẹ̀lé igi bọ̀. Èyí tó tún le jù ni jíjáde. Ìka gbọ́dọ̀ dúró sínú omi nígbà tí ọwọ́ kejì ń kó ìyókù awọ kúrò lójú omi, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èékánná á bá awọ mìíràn pàdé bó ṣe ń bọ̀ lókè, àwòrán méjì á gun ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń fi ìkánjú ba iṣẹ́ tó ti dára tẹ́lẹ̀ jẹ́ níbí.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn tó ń fi fọ́tò àtàǹpàkò kan ṣèdájọ́. Orí lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ìka mẹ́wàá gba ẹ̀kán tuntun lọ́nà mẹ́wàá, kò sì sí méjì tí yóò rí bákan náà. Ohun tí mo ń wá ni kí wọ́n jọ ọmọ ìyá láìjẹ́ ìbejì.

Àfi pé Àpòmù da òṣùwọ̀n yìí rú mọ́ mi lọ́wọ́. Èékánná àlẹ̀mọ́ ni wọ́n ń rì bọ omi níbẹ̀, kí ó tó kan ìka ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú wa ti yára pè é ní ayédèrú. Wọn kò béèrè ìdí. Àlùwàlá ni. Kútẹ́ẹ̀sì kì í jẹ́ kí omi kan èékánná, ọ̀pọ̀ àfáà sì gbà pé àlùwàlá kò pé bẹ́ẹ̀. Làálì kò ní wàhálà yìí, torí ṣe ló ń wọ ara èékánná, kò bò ó. Obìnrin tó ń lọ síbi ìnáwó lè lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ ọn láàárọ̀, kí ó yọ ọ́ kí wọ́n tó pe ìrun àìlà. (Ẹni tó ń dín dòdò Ìkirè tà náà ní ìdí tirẹ̀ láti yọ ọ́ kó tó dé ìdí agbada.)

Ohun tí èyí ṣe sí iṣẹ́ náà ló jẹ mí lógún. Alálẹ̀mọ́ lè rì ogún bọ omi, kí ó tò wọ́n sórí tábìlì, kí ó ṣa mẹ́wàá tó bára mu. Ìkánjú dín kù, ojú ìṣà ló wá di ẹ̀bùn. Mo gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti dàgbà jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bọ́ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n tí mo gbé kalẹ̀ lókè yìí. Ayédèrú tòótọ́ ni sítíkà tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ń tà lọ́jà bí iṣẹ́ orí omi. Ẹ gbé àtàǹpàkò méjèèjì sún mọ́ra: bí wọ́n bá rí bákan náà láìyẹ̀, wọn kò kan omi rí.