Ṣé Ó Dìgbà Téèyàn Bá Wọkọ̀ Òkun Kó Tó Di Onípò Kejì?

Ìwé tí mo gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí ni Second-Class Citizen, tí Buchi Emecheta gbé jáde ní 1974. Yàrá wa ní Ṣàngó ni mo ti kà á tán, níbi tí ọ̀rẹ́ tá a jọ ń gbé ti ń fi láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó. Ó ti sọ fún wọn pé Lọ́ńdọ̀nù lòun wà. Bí wọ́n bá mú iná lọ báyìí, àyà rẹ̀ á já.

Adah inú ìwé náà níṣẹ́ gidi ní ilé ìkàwé àwọn ará Amẹ́ríkà l'Ékòó. Ó wọkọ̀ òkun lọ bá Francis ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá di ẹni tí wọn ò fẹ́ háyà yàrá fún nítorí àwọ̀ ara. Ṣùgbọ́n òpin ìwé ló dùn mí jù. Ní kóòtù, Francis ní àwọn ò fẹ́ra rí. Adah ò rí nǹkan kan fi hàn: ọkùnrin náà ti dáná sun ìwé ìgbéyàwó, pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Òyìnbó nìkan kọ́ ló ń sọni di onípò kejì.

Àwọn kan ní ayé ti yí padà, pé ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù ti di ọmọ gbogbo ayé. Irọ́ ni jàre! Nígbà tí Estonia dá físà irú wọn sílẹ̀ ní 2020, ẹni tó ń gba 3,504 yúrò lóṣù ni wọ́n ń fún. Ta ló ń gbà á ní Ṣàngó? Iṣẹ́ wa ń kọjá ní bọ́dà, àwa fúnra wa ò kọjá. Ibí yìí ni ìwé náà kò bá wa dé: ní tiẹ̀, èèyàn ní láti kọjá òkun kí wọ́n tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Francis tún sun ìtàn àkọ́kọ́ tí Adah kọ. Mo bínú sí i gan-an, àfi ìgbà tí mo rántí pé èmi náà ti fi orúkọ òyìnbó kọ iṣẹ́ nítorí owó. Adah rí ẹni sun tirẹ̀. Àwa, ọwọ́ ara wa la fi ń sun tiwa.

Ẹ wá a kà, kẹ́ ẹ sì fèsì. Orúkọ yín gan-an ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ rẹ̀ o.