Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àgbéyẹ̀wò Èdè Ìgbaninímọ̀ràn Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ fún àgbéyẹ̀wò èdè tí wọ́n fi ń gba àwọn tí másùnmáwo dé bá, àwọn tí ọgbẹ́ ọkàn ń dà láàmú, àti àwọn tí ayé wọn ń yí padà, nímọ̀ràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé àwọn ènìyàn mọ́lé, ọ̀nà yìí ti túbọ̀ gbilẹ̀. Ohun tí ó kan onímọ̀ èdè níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ nìkan ni oògùn tí irú agbaninímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣìnà, oògùn ṣìnà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ní 1966, Joseph Weizenbaum, olùkọ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé jáde lórí ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní ELIZA. Inú Pygmalion, eré oníṣe Bernard Shaw, ni ó ti mú orúkọ náà, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọmọbìnrin kan tí ń ta òdòdó ní èdè àwọn ọlọ́lá. ELIZA ń ṣe bí oníṣègùn ọkàn, ṣùgbọ́n kò lóye ohunkóhun. Ó kàn ń ṣa ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń sọ 'tèmi' di 'tìrẹ', ó sì ń dá a padà bí ìbéèrè. Síbẹ̀, akọ̀wé Weizenbaum, tí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ní kí ọ̀gá rẹ̀ bọ́ síta kí òun lè bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Èyí ba Weizenbaum lẹ́rù. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1976, Computer Power and Human Reason, ó tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ kan wà tí kò tọ́ láti gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Bí a bá gbé ọgbọ́n ELIZA wọ inú èdè Yorùbá, àléébù àkọ́kọ́ yóò hàn lára ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bèèrè ọjọ́ orí kí ó tó pe ènìyàn. Yorùbá ń bèèrè. Opó ẹni ọgọ́ta ọdún tí ó kọ ọ́ pé "Inú mi bàjẹ́", tí wọ́n sì dá a lóhùn pé "Kí ni ó ba inú rẹ jẹ́?", ti gba ìwọ̀sí kí ó tó gba ìtùnú. Ojú ni ì bá sọ fún agbaninímọ̀ràn bóyá 'ẹ' tàbí 'o' ni ó yẹ, ojú kò sì sí níbẹ̀.

Àléébù kejì jẹ́ ti àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tí ó tẹ "Mo n wa oko" lè máa wá ọkọ tí yóò fẹ́, ó lè máa wá ọkọ̀ tí yóò wọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọkọ̀ ni ó ń wà lọ́wọ́. Ẹni tí ó fẹ́ kọ "Ó rẹ̀ mí", gbólóhùn tí ó sábà máa ń ṣíwájú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lè tẹ "ore mi" nínú ìkánjú, kí ẹni tí ń kà á sì rò pé ọ̀rẹ́ ni ó ń pe òun. Nínú ọ̀rọ̀ ọjà, ẹ̀rín ni irú àṣìkà bẹ́ẹ̀ ń fà. Nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ayé sú, ó lè la ẹ̀mí lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé Yorùbá sábà máa ń fi ara sọ ìrora ọkàn. Ní 1987, oníṣègùn ọpọlọ R. O. A. Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí: àwọn aláìsàn ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, pé etí àwọn ń hó, pé àyà àwọn ń já. Agbaninímọ̀ràn tí kò gbọ́ àkànlò èdè yìí yóò máa wá oògùn orí fífọ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ láìní àmì, 'ode' lè di ọdẹ, ó lè di òde, ó sì lè di ọ̀dẹ̀ pàápàá.

Àmọ́ ṣá, ojú méjì ni òwe náà ní. Nítorí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ọ̀rọ̀ mìíràn kò ṣeé sọ lójú. Ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ kí àna òun gbọ́, àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òyìnbó tí kò ní ẹbí nítòsí, lè rí i pé ẹni tí kò rí ojú wọn ni wọ́n lè bá sọ òtítọ́. Bóyá ohun tí akọ̀wé Weizenbaum náà ń wá nìyẹn. Lámèyítọ́ tí ó bá bẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà yìí láìka ìtìjú sí kò tíì ṣe ìdájọ́ òdodo.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Zimbabwe. Ní 2006, oníṣègùn ọpọlọ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Mbare, ní ìlú Harare, níbi tí àwọn ìyá àgbà ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ẹjọ́ ọkàn. Wọn kò fi èdè òyìnbó pe àìsàn náà. Kufungisisa, ìyẹn àròjù, ni wọ́n ń pè é ní èdè Shona. Ìpele àkọ́kọ́ ìtọ́jú náà ni kuvhura pfungwa, ìyẹn ṣíṣí ọkàn. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, tí ó kan àwọn aláìsàn 573 ní ilé ìtọ́jú 24, ara àwọn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé inú èdè aláìsàn ni wọ́n ti mú orúkọ àìsàn àti orúkọ ìwòsàn.

Yorùbá kò ṣaláìní irú èdè bẹ́ẹ̀. Ìkíni rẹ̀ ti jẹ́ ìgbaninímọ̀ràn fún gbogbo ìyípadà ayé: 'Ẹ kú ewu' fún ìyá ọmọ tuntun, 'Ẹ kú ará fẹ́ra kù' fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, 'Ẹ kú ìrọ́jú' fún ẹni tí ó ń fara da ìṣòro. Ìkíni àkọ́kọ́ yìí jẹ́wọ́ pé ewu wà, pé ẹni náà sì ti là á já, kí ìmọ̀ràn kankan tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni láti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di agbaninímọ̀ràn mọ ìkíni wọ̀nyí, ó lè fi àmì sí ọ̀rọ̀, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó bèèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n máa pè yín?" Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ààbọ̀ náà ni ó ń dé. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dénú ni yóò sọ ọ́ di odidi.