Ìwọ̀n Tábìlì, Ìwọ̀n Pátákó

Ẹ̀rọ flatbed máa ń tẹ àwòrán sójú pátákó tààrà. Pátákó sùn gbalaja lórí tábìlì, orí ẹ̀rọ ń lọ ń bọ̀ lókè rẹ̀, iná UV sì ń gbẹ yíǹkì lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n tó yẹ ká kan sáárá sí ni ti átíìsì Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn tó kọ́kọ́ fi tépù wọn iṣẹ́ tó ń wọlé fún un, kó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ.

Odidi plywood jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Tí káfíńtà bá gé e sí ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2, ìyẹn ìwọ̀n pátákó télọ̀ tàbí onídìrí, mẹ́jọ ló máa mú jáde. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà: ẹsẹ̀ bàtà 2 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 61, tábìlì kékeré tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ 60 sí 90. Sẹ̀ǹtímítà kan ṣẹ́ kù létí tí yíǹkì kò ní dé. Àgbà iṣẹ́ á ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun etí yẹn ṣáájú, oníbàárà kò ní mọ̀.

Tábìlì mítà 2.5 sí 1.3 gba odidi plywood, àmọ́ ó fẹ́ yàrá ńlá, ilẹ̀kùn fífẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ gidi. Bí iṣẹ́ kò bá sì wá déédéé, yíǹkì funfun á silẹ̀, á dí ihò orí ẹ̀rọ. Nígbà ọyẹ́, eruku Òkè-Ògùn kì í dá ìkankan sí nínú tábìlì méjèèjì. Aṣọ ìbora ni wọ́n ń fẹ́.