Ìka Kò Dọ́gba: Oríyìn fún Olùkọ́ Tó Ń Kọ́ Ọmọdé ní Àfiwé

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ ìwé, láti Ibafo títí dé Mowe, àwọn ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ni ẹ ó máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àpò ìwé lẹ́yìn, ike omi lọ́wọ́. Bákan náà ló rí ní Ifọ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Èrò tí Èkó kò gbà mọ́ ti tú dé àwọn ìlú mẹ́ta yìí. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń pọ̀ sí i. Nínú àwọn kíláàsì wọ̀nyẹn, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ yìn lónìí, nítorí pé ẹni tó ń ṣe é dáadáa kì í sábà gba oríyìn. Iṣẹ́ náà ni ti olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfiwé.

Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó lè ní kí ló wà níbẹ̀. Ṣebí tall, taller, tallest ni? Kọ ọ́ sójú pátákó, kí àwọn ọmọ máa ké e tẹ̀ lé ọ, kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé, ó bùṣe. Kò bùṣe rárá. Ọmọ lè ké e láti àárọ̀ títí di ìgbà tí aago ìsinmi á lù, kó sì jáde síta kó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "My brother is tall pass you." Ohun tó ké lórí ìjókòó kò bá a dé ẹnu ọ̀nà. Kí ohun tí a kọ́ ọmọ tó bá a jáde, ọgbọ́n ni olùkọ́ máa lò.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n náà ni pé kí olùkọ́ mọ ohun tí ọmọ ti mú ti ilé wá. Kò sí ọmọ tó dé kíláàsì láìmọ àfiwé. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n bu oúnjẹ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò wo abọ́ méjèèjì, yóò sì ké pé, "Ẹran tiẹ̀ tóbi ju tèmi lọ!" Ju yìí ni òpó tí àfiwé dúró lé nínú èdè wa. Nínú kíláàsì Mowe tàbí Ibafo, níbi tí ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo, ọmọ Hausa àti ọmọ Ẹ̀gùn ti ń jókòó pọ̀, ẹ má rò pé ọ̀nà wọn jìn síra. Hausa ń lo fi, Igbo ń lo karịa, ẹni tó ń sọ pijin á ní pass. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá dúró ni gbogbo wọn fi ń sọ pé nǹkan kan ti ré kọjá èkejì. Gẹ̀ẹ́sì ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló lẹ àfiwé mọ́, ó wá fi than tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ọmọ tó ní "tall pass" ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi í sí ni kò tíì mọ̀. Olùkọ́ tó bá mọ èyí kò ní kà á sí olódo.

Ẹ wá wo ọwọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kì í kọ́kọ́ mú ṣọ́ọ̀kì. Á ní kí gbogbo kíláàsì na ọwọ́ òsì sókè, kí wọ́n ya ìka. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ọ nílé pé ìka kò dọ́gba. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn báyìí, kò sì sí òbí tó máa ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Á ká ìka mẹ́rin mọ́lẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá nìkan ló kù lókè: "This finger is long." Á tún na ìka àárín mọ́ ọn: "This finger is longer than this one." Lẹ́yìn èyí ló máa tú gbogbo ọwọ́ sílẹ̀, á di ìka àárín mú: "This finger is the longest."

Ó dà bí eré, àmọ́ ẹ kíyè sí kíká tó ń ká ìka mọ́lẹ̀. Bí ìka márùn-ún bá wà níta nígbà tó ń kọ́ wọn ní longer, ojú ọmọ á ti sáré lọ sórí èyí tó gùn jù lọ, ọ̀rọ̀ méjèèjì á sì dàrú mọ́ ọn lórí. Ìka kan fún long, ìka méjì fún longer, gbogbo ọwọ́ fún longest: iye ohun tó wà níwájú ọmọ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ náà kò tíì dárúkọ òfin gírámà kankan, òfin sì ti wọlé.

Etí àti ẹnu ló kàn. Nínú èdè wa, ju ní ààyè tirẹ̀, ó ní ohùn tirẹ̀, ẹni tó ń sáré sọ̀rọ̀ kò lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n -er inú taller fẹ́ẹ́rẹ́. Ó lè kọjá létí ọmọ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń fà á díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ń pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan sí i. Ti -est tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, áńbọ̀sì méjì tó so mọ́ra. Ọmọ á pè é ní "tọ́lẹ́ẹ̀sì", tàbí kó gé e kúrú sí "talles". Olùkọ́ á ní kó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu rẹ̀, kó tún un pè títí afẹ́fẹ́ t á fi ta sí i lọ́wọ́. Nígbà tó bá ta sí i, ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, kò sì ní gbàgbé t mọ́.

Ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ yìí ni mo fẹ́ kí á dúró lé díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe kúkúrú ló ń gba -er àti -est; àwọn tó gùn, bíi beautiful àti expensive, more àti most ló máa ń ṣáájú wọn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ní kí ọmọ fi àtẹ́wọ́ ka sílébù: àtẹ́wọ́ kan fún tall, mẹ́ta fún beautiful. Ọmọ wa mọ sílébù dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni ohùn èdè Yorùbá dúró lé. Àmọ́ ọmọ tó ń pe tall ní "tọ́ọ̀lù", tó ń pe big ní "bíìgì", yóò pa àtẹ́wọ́ méjì tàbí mẹ́ta níbi tó yẹ kó pa ẹyọ kan, òfin náà á sì ṣì í lọ́nà. Olùkọ́ tó ti kíyè sí èyí á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ìpè. Á di ẹ̀ṣẹ́ nígbà tó bá dé l ìparí tall, kí ẹnu ọmọ lè dúró níbẹ̀ láìfi fáwẹ̀lì kún un. Lẹ́yìn náà ló máa tó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sí àlejò tó máa kíyè sí ẹ̀ṣẹ́ dídì yẹn, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dúró.

Ó kù síbi àṣìṣe. Ọmọ kan á dìde, inú rẹ̀ á dùn, á ní, "Aunty, my bag is more bigger than her own." Ẹni tí kò mọṣẹ́ á jágbe mọ́ ọn, ọmọ náà á jókòó, kò sì ní fẹ́ dìde mọ́ títí sáà á fi parí. Àmọ́ ẹ wo bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Á na ọwọ́ méjèèjì síwájú ọmọ náà. "More wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, -er wà lọ́wọ́ òsì. Ẹyọ kan péré ni bigger ń fẹ́. Èwo ni kí n jù sílẹ̀?" Ọmọ á ronú, á ní, "More, ma." "Ó káre. Tún un sọ." "My bag is bigger than her own."

Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tó wú mi lórí. Èkíní ni pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Èkejì ni pé olùkọ́ gbọ́ her own, ó sì fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé hers ni ì bá jẹ́. Ó mọ̀ pé àfiwé ni iṣẹ́ òní, ti her own á ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń tún gbogbo àṣìṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan náà kò tún ìkankan ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni more bigger kì í ṣe àmì òpè. Ọmọ tó sọ ọ́ ti kọ́ ọ̀nà méjèèjì, ó wá lò wọ́n pọ̀. Nígbà ayé William Shakespeare, ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn máa ń so méjèèjì pọ̀ báyìí.

Àwọn ọ̀fìn mìíràn tún wà lójú ọ̀nà. Ga lè dá dúró nínú "Adé ga", nítorí náà ọmọ á ní "Ade tall", á gbàgbé is. "Ó ga jù" àti "ó ga jù lọ" sún mọ́ra lẹ́nu wa, ọmọ á sì lo too tall níbi tó yẹ kó lo the tallest. Than àti then dún bákan náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, ìyẹn ni olùkọ́ kan fi lè máa fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ kọ than ní gbogbo ìgbà. Ti good, better, best àti bad, worse, worst kò sì ní òfin. Lílò lemọ́lemọ́ ló ń mú un wọlé, kì í ṣe àlàyé.

Mo tún fẹ́ yìn wọ́n lórí àpẹẹrẹ tí wọ́n ń mú. Ìwé kíkà lè ní kí ọmọ fi òkè ńlá wé òkè kékeré, ọmọ Ibafo sì lè má tíì rí òkè rí. Ohun tó mọ̀ ni pé bí bọ́ọ̀sì bá ti Berger ní Èkó bọ̀, Ibafo ló ń kọ́kọ́ dé kó tó dé Mowe. "Ibafo is nearer to Lagos than Mowe." Gbólóhùn yẹn jẹ́ òtítọ́ tí òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí. Ọmọ Ifọ̀ ní ojú irin ní tirẹ̀. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ èyí àtijọ́ láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1900. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí tuntun, tó ṣe nǹkan bíi kìlómítà 157. "The new train is faster than the old train." Danfó, tírélà àti ọkọ̀ ojú irin tó fún olùkọ́ láti kọ́ wọn ní long, longer àti longest láìyẹ ìwé wò. Gààrí àti ìrẹsì ọjà tó fún un láti kọ́ wọn ní cheaper àti more expensive. Bí àwọn ọmọ bá sì ń jiyàn, á gbé rúlà lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹni tó bá ní nǹkan kan ju èkejì lọ gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí tì í.

Olùkọ́ rere tún mọ ohun tí kò yẹ kó fi wéra. Ó lè pe ọmọ mẹ́ta síwájú kó fi gíga wọn wéra, kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò ní pe ọmọ mẹ́ta síwájú fún fat, kò ní pè wọ́n fún ugly, kò ní fi bàtà ọmọ olówó wé ti ọmọ tí bàtà rẹ̀ ti já. Ìwé àti àga ló máa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti ń fi wé ọmọ aládùúgbò láti ilé wá; kíláàsì kò gbọ́dọ̀ fi kún un.

Gbogbo ọgbọ́n tí mo kà sílẹ̀ yìí dúró lórí ohun kan: olùkọ́ gbọ́dọ̀ lómìnira láti lo èdè tí ọmọ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ló ń fi òfin de Yorùbá nínú kíláàsì, pẹ̀lú èrò pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ á tètè já gaara. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè wọ́n. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n tètè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Olùkọ́ tó fi ju ṣe àlàyé fún ọmọ kó tó gbé than fún un ń tọ ọ̀nà tí Fafunwa ti là, yálà ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí tàbí kò gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ láìná kọ́bọ̀. Ẹ bi ọmọ yín lọ́jà èwo ló wúwo jù nínú iṣu méjì, kí ló fi mọ̀, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ẹ̀kọ́, ẹ fún olùkọ́ yín láyè láti fi èdè ilé ṣe àlàyé. Ọmọ tó bá lè fi èdè méjì sọ èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó sàn jù, tó sì lè sọ ìdí rẹ̀, ti ní ohun tí yóò fi ṣe ìṣirò, tí yóò fi kọ́ sáyẹ́ǹsì, tí yóò sì fi nájà láìjẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Olùkọ́ tó gbé e lé e lọ́wọ́ yẹ fún owó oṣù tó dára ju èyí tó ń gbà lọ, ó sì yẹ kí á máa kí i kú iṣẹ́ níṣojú àwọn ọmọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.