Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà sára ọgbà: ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún oní-419. Ará Èkó mọ ìdí rẹ̀. Kí onílé rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbájúẹ̀ lè ti mú oníbàárà wọlé, kó ti gbowó. Ilé náà wà ní Festac, wọ́n sì ti pè mí pé kí n wá múra rẹ̀ sílẹ̀ fún títà. Àwọn ọmọkọ́ṣẹ́ mi ti po ọ̀dà funfun, wọ́n fẹ́ fi bo àkọlé yẹn kíá. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ibẹ̀ la máa parí sí.

Bí wọ́n ṣe ń múra fún ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ ni mo ṣe ń múra fún ilé. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ilé náà kò sì yọ sílẹ̀. Tápù tó ń kán, ilẹ̀kùn tó ń han goorogo, gílóòbù tó ti kú, gbogbo rẹ̀ ni oníbàárà máa kà sílẹ̀, tó sì máa fi yọ owó. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Barb Schwarz, tó ń ta ilé ní agbègbè Seattle, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú iṣẹ́ yìí ní 1972, wọ́n sábà máa ń háyà àga wọlé sínú ilé tó ṣófo. Ní tèmi, kíkó jáde ló pọ̀ jù.

Ẹ rántí bí ìlú Festac ṣe bẹ̀rẹ̀. Àlejò FESTAC '77 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ fún, àjọ̀dún tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì, 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n ṣẹ́ gègé pín ilé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ nígbà náà kò kúrò mọ́. Wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù jọ síbẹ̀. Nínú ilé tí mò ń wí yìí, báákónì ti di ibi ìkó-àgbá-sí, wọ́n sì ti fi pákó dí ìdajì fèrèsé nítorí ẹ̀rọ amúlétutù tó ti kú tipẹ́. Ilé wá ń mí bí ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi kó ẹrù. Ní ọjọ́ kejì, Màmá onílé wò mí títí, wọ́n ní, “Ṣé ẹ ò ní kó èmi náà jáde báyìí?” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀yin lẹ máa gba àlejò.”

Omi bọhóòlù ilé náà ti sọ ilé ìwẹ̀ di pupa bí osùn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á da bílíìṣì lé e, àwọ̀ irin á sì túbọ̀ lẹ̀ mọ́ táìsì. Osàn wẹ́wẹ́ ni mo fún sí i, mo ní kó jókòó díẹ̀, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́. Inú mi máa ń dùn bí funfun bá ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi.

Ògiri ìsàlẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà pọ̀ ní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin tí Festac wà, ọ̀rinrin sì ti gun ògiri yẹn dé orúnkún, ìyẹ̀fun funfun ń hù lára rẹ̀. Éjẹ́ǹtì ní kí n gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i. Mo kọ̀. Tìróò àti làálì wà fún ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi làálì bo egbò, ọkọ á rí i lálẹ́. A ha ibẹ̀ dé búlọ́ọ̀kù, a sì sọ fún gbogbo ẹni tó wá wo ilé pé ọ̀rinrin wà níbẹ̀, pé iye báyìí ni bíríkìlà máa gbà. Ẹni tó rà á ní, nítorí ìyẹn lòun ṣe gba ìyókù gbọ́.

Nígbà tí a yọ pákó, tí a ṣí fèrèsé iwájú àti tẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ gba pálọ̀ kọjá. Màmá jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí a fi sílẹ̀, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Bó ṣe rí nìyí lọ́jọ́ tí Bàbá gba kọ́kọ́rọ́.” N kò fi nǹkan kan kún ilé náà. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ la ṣí aṣọ lójú rẹ̀.

Lọ́yà yẹ ìwé ilé wò lọ́dọ̀ FHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, orúkọ Bàbá tó ti di olóògbé di orúkọ Màmá. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbé ọ̀dà funfun lọ sídìí ọgbà. Ó gbà wá tó ìgbà mẹ́ta ká tó bo pupa yẹn pátápátá.