Mẹ́séńjà Tó Ń Kọ̀wé: Iṣẹ́ Òòjọ́ àti Ìtàn Àròsọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dórí bí ènìyàn ṣe ń di òǹkọ̀wé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa máa ń tọ́ka sí. A ó ní kí ẹni náà kọ́kọ́ kàwé dáadáa, kí ó wá iṣẹ́ tí kò gba agbára púpọ̀, kí ó ní yàrá tirẹ̀ àti àkókò tirẹ̀, kí ó tó mú gègé. Èmi náà ti fún ènìyàn nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìmọ̀ràn náà lé orí ìwọ̀n ìtàn lítíréṣọ̀ tiwa, yóò fúyẹ́. Ọ̀kan nínú ìtàn àròsọ tó kọ́kọ́ mú kí àwọn òǹkàwé Lọ́ńdọ̀nù àti New York mọ̀ pé àwọn ará Nàìjíríà ń kọ̀wé, ọwọ́ mẹ́séńjà ọ́fíìsì kan ní Èkó ni ó ti jáde. Ọdún díẹ̀ péré ni mẹ́séńjà yìí lò ní ilé-ẹ̀kọ́, àárín iṣẹ́ jíjẹ́ kan sí èkejì ni gègé rẹ̀ sì ti ń rìn.

Ohun tó mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ni àdúgbò Ìkẹjà àti Agége. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kòkó àti obì ni a fi mọ Agége. Oko J. K. Coker ní Ifákọ̀ lókìkí, ojú irin tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta sì ń gba àárín àwọn oko náà kọjá. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Táyà, aṣọ, ọtí àti ohun mímu oníkòkó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀, Agége sì di ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń háyà yàrá sí. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Dunlop pàápàá kò ṣe táyà níbẹ̀ mọ́ láti nǹkan bí ọdún 2008. Ṣùgbọ́n fún bí ìran méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni ó fi agogo ilé-iṣẹ́ ka ọjọ́ ayé wọn níbẹ̀.

Ní Ìkẹjà yìí kan náà ni ilé ìtẹ̀wé Longman fi ṣe ibùjókòó, òun ni ó sì tẹ Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jáde. Ìwé ń ti àdúgbò náà jáde, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ti ẹni tó ń yí ẹ̀rọ níbẹ̀ wà nínú ìwé. Òyìnbó onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kan, Adrian Peace, ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Agége, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní 1979. Nínú eré onítàn, Òkédìjí fún wa ní Láwúwo, aṣíwájú àwọn òṣìṣẹ́, nínú Rẹ́rẹ́ Rún (1973). Ṣùgbọ́n ìtàn àròsọ tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ, ó wọ́n bí ojú. Bí a bá bi àwọn ọ̀mọ̀wé ìdí rẹ̀, wọn yóò ní àwọn òṣìṣẹ́ kò ráyè. Ìdáhùn yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lójú Amos Tutùọlá.

Abẹ́òkúta ni a ti bí Tutùọlá ní 1920. Àgbẹ̀ oníkòkó ni àwọn òbí rẹ̀. Ní kékeré, ó di ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọkùnrin Ìgbò kan, ẹni tó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dípò owó iṣẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ẹ̀kọ́ dópin. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò rọ́wọ́ mú. Ó ta búrẹ́dì, ó wá iṣẹ́ títí, kí ó tó di mẹ́séńjà ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọ́fíìsì náà. Kò pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, tí orúkọ Michael Imoudu sì gba ìgboro kan. Iwájú ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tí a ti ń ṣírò owó oṣù àti ìwọ̀sí àwọn òṣìṣẹ́ ni Tutùọlá jókòó sí.

Mẹ́séńjà kì í fi gbogbo ìgbà rìn. Bí wọn kò bá rán an níṣẹ́, yóò jókòó títí ara yóò fi máa ro ó. Tutùọlá fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nítorí kí ìjókòó má baà sú òun ni òun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sórí bébà. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ, ilé ìtẹ̀wé tó mọ̀ nípa fọ́tò yíyà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó tà á fún. Ìwé náà sì sùn síbẹ̀ títí di 1982 kí ayé tó rí i. Èkejì, The Palm-Wine Drinkard, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tó ń tẹ ìwé. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n fà á lé Faber lọ́wọ́, ó sì jáde ní 1952. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín. Nílé níbí, ojú ti àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, wọ́n ní Òyìnbó ń fi wá ṣẹ̀sín, wọ́n sì ní ìtàn Fágúnwà ni ó gbà kọ.

Níbí ni mo ti rò pé lámèyítọ́ ọjọ́ náà ṣìnà. Àwọn tó kórìíra ìwé náà àti àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n fi iṣẹ́ mẹ́séńjà ṣe: wọ́n fi ṣe àwíjàre. Èkíní ní, mẹ́séńjà ni, ẹ má retí ìwé gidi. Èkejì ní, mẹ́séńjà ni, ẹ wò ó bó ti gbìyànjú tó. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá iṣẹ́ náà wà nínú ìwé fúnra rẹ̀. Bí a bá tún ìwé náà kà pẹ̀lú ìbéèrè yìí, àwọn nǹkan mẹ́ta yóò hàn sí wa.

Èkíní ni ìgbékalẹ̀ ìtàn. Ọ̀mu tó jẹ́ akọni ìtàn náà ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó kú. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan, ó bi í léèrè. Bàbá kò dáhùn. Ó kọ́kọ́ rán an sí alágbẹ̀dẹ kí ó lọ gba nǹkan wá. Ó gbà á dé. Bàbá tún ní kí ó lọ fi àwọ̀n mú Ikú wá. Ó mú Ikú dé. Bàbá sá lọ. Ó dé ìlú mìíràn, olórí ibẹ̀ ní àfi tí ó bá wá ọmọ òun tó sọnù rí. Iṣẹ́ jíjẹ́ ló ń bí iṣẹ́ jíjẹ́, ẹni tó sì ń ránni kì í san ohun tó ṣèlérí. Àwọn alámèyítọ́ ní ìtàn náà kò ní okùn tó so ó pọ̀. Ó ní in. Okùn náà ni ọjọ́ ayé mẹ́séńjà, tó ń ti ẹnu ilẹ̀kùn kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú ìrètí pé lọ́tẹ̀ yìí a ó dá òun lóhùn. Alágbẹ̀dẹ tó wà lójú ọ̀nà náà sì ń jẹ́ kí a mọ ẹni tó ń rin ìrìn náà.

Ẹ fi wé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Òtítọ́ ni pé Tutùọlá jẹ nínú oko Fágúnwà. Ẹni tó bá ka àwọn ìwé méjèèjì kò lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Fágúnwà. Ọba ni ó rán àwọn ọdẹ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó fún ire ìlú, òǹkọ̀wé sì máa ń dúró lójú ọ̀nà láti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀mu Tutùọlá kò rìn nítorí ìlú, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni. Igbó kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wọ̀ ọ́ bí olùkọ́, èkejì wọ̀ ọ́ bí ẹni a rán níṣẹ́.

Èkejì ni ìṣirò. Oko ọ̀pẹ náà fẹ̀ ní máìlì mẹ́sàn-án níhà gbogbo, ọ̀pẹ 560,000 ni ó wà níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu 150 ni adẹ́mu ń dá láàárọ̀, ó sì ń dá 75 ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọ̀mu àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun kan, wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni ní èlé pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Àwọn kan rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà lásán. Ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré, tó ń gbé ìwé ìṣirò láti tábìlì dé tábìlì, mọ̀ pé ohun gbogbo ní iye. Ọkùnrin arẹwà inú ọjà náà ńkọ́? Ẹ̀yà ara ni ó háyà láti orí dé ẹsẹ̀. Bó ti ń padà sílé ni ó ń dá wọn padà tó ń san owó háyà wọn, títí ó fi ku agbárí. Ará Èkó tó háyà yàrá mọ ọkùnrin yìí. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òǹsọ̀tàn fi ní bí ọkọ̀ òfuurufú ogun bá rí i nínú ìlú, wọn kò ní ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun òfuurufú ló lè ronú kan èyí.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ikú tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ikú ẹnu iṣẹ́ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday kan ni adẹ́mu gun ọ̀pẹ nítorí ọ̀gá rẹ̀, ó já lulẹ̀, ó kú. Ohun tó dun ọ̀gá ni pé kò sí ẹni tí yóò máa dá ẹmu fún òun mọ́. Nígbà tó bá adẹ́mu ní ìlú àwọn òkú, adẹ́mu ròyìn pé ọdún méjì ni òun fi kọ́ṣẹ́ kí òun tó yege gẹ́gẹ́ bí òkú tó pójú òṣùwọ̀n. Ọ̀gá ní kí ó jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ó fún un ní ẹyin kan, ó sì dúró sí ìlú rẹ̀ tuntun. Gbogbo ìrìn àjò inú ìwé náà, àtimú òṣìṣẹ́ kan padà sẹ́nu iṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ náà sì kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí jáde láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́, a sì fi ọdún púpọ̀ jiyàn lórí gírámà rẹ̀.

Èmi kò fẹ́ kí a gbé òṣì gẹ̀gẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kì í sọni di òǹkọ̀wé. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, gbogbo mẹ́séńjà ni ìbá kọ̀wé. Tutùọlá pàápàá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè gún. My Life in the Bush of Ghosts jáde ní 1954, Simbi ní 1955. Nígbà tó yá, ó di atọ́jú ẹrù ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìdàgbàsókè rẹ̀ kò gun òkè tààrà. Ìgbékalẹ̀ àwọn ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ létò jù, òwe inú wọn sì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ kò rí èyí tó ju méjì àkọ́kọ́ lọ, èmi náà kò sì rí i. Láti 1967 di 1981, kò sí ìtàn tuntun olójú ewé púpọ̀ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Kí ó tó kú ní Ìbàdàn ní 1997, Ifẹ̀ àti Iowa ti gbà á lálejò. Ṣùgbọ́n ìwé tó mú wọn pè é, orí ìjókòó mẹ́séńjà ni ó ti kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fò. Àkókò mẹ́séńjà kọ́ ni àkókò ẹni tó ń yí ẹ̀rọ. Mẹ́séńjà lè jókòó ti bébà rẹ̀. Ẹni tó gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ lè pàdánù ìka. Òṣìṣẹ́ tó ṣíwọ́ iṣẹ́ òru ní Ìkẹjà, tó dé yàrá kan tí ọmọ àti ìyàwó wà ní Agége, kò sí ìjókòó tí yóò fi kọ ìwé gígùn. Nítorí náà, àpẹẹrẹ Tutùọlá kò sọ pé kò sí ìdí fún àwíjàre. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé iṣẹ́ ni yóò yan ìrísí ìwé. Iṣẹ́ jíjẹ́ bí ìtàn tó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Kí ni iṣẹ́ ẹ̀rọ, tó ń ṣe ohun kan náà nígbà ẹgbẹ̀rún lóru, yóò bí? Ó lè jẹ́ ìtàn kúkúrú, ó lè jẹ́ ewì alápètúnpè, ó lè jẹ́ ohun tí a kò tíì fún lórúkọ. Bí ó bá dé ọwọ́ wa tí a ní kí olówó rẹ̀ kọ́kọ́ lọ tún èdè rẹ̀ ṣe, kí ó di irú ìwé tí a mọ̀, a ti ṣe ohun tí wọ́n ṣe sí Tutùọlá.

Ìmọ̀ràn tí mo ń fúnni tẹ́lẹ̀, mo ti yí i padà. N kò ní sọ fún òṣìṣẹ́ Agége mọ́ pé kí ó dúró títí yóò fi ráyè. N ó bi í ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ tí ọwọ́ tèmi kò mọ̀, n ó sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwa tí a ń ka ìwé náà ni a ní láti kọ́ bí a ó ṣe kà á.