Ọwọ́ Tó Ń Bu Ẹ̀pà Wò

Ojú kì í rí májèlé inú ẹ̀pà. Ẹ̀pà tó pọ́n dáadáa, tí kò rùn, tí kò korò, lè gbé aflatoxin sínú. Sísè kò pa á, yíyan kò sì mú un kúrò tán. Irú bíbu kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus ló ń pèsè rẹ̀, nígbà tí ọ̀dá bá mú irè lóko tàbí tí wọ́n bá kó o pamọ́ láì tíì gbẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Bó bá sì ń wọ ara díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àwọn tó ń wá a kàn ní yàrá àyẹ̀wò ni mo fẹ́ yìn níbí. Ẹ̀rọ ni gbogbo ayé ń yìn, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni iṣẹ́ wọn.

Ikú tòlótòló ló mú ayé mọ májèlé yìí. Lọ́dún 1960, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ni, àmọ́ oúnjẹ wọn ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé: ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tí wọ́n kó wá láti Brazil. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tan iná ultraviolet sí i, ó ń tàn yòò, aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé. Títí dòní, títàn yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń ká a mọ́.

Ṣùgbọ́n kó tó kan ẹ̀rọ, ọwọ́ ti ṣe èyí tó ṣòro jù. Aflatoxin kì í kárí àpò lọ́gbọọgba. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀pà lè mọ́, kí ẹyọ kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀ rù. Àwọn olùwádìí ti rí ẹyọ ẹ̀pà tí aflatoxin inú rẹ̀ lé ní mílígíráàmù kan nínú gíráàmù kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ bá wọn ààbọ̀ gíráàmù, tó bọ́ sáàárín ẹ̀pà tó mọ́, tó jẹ́ 20 kìlógíráàmù, òun nìkan á sọ ọ́ di máíkírógíráàmù 25 nínú kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Amẹ́ríkà kò gbà ju 20 lọ nínú oúnjẹ ènìyàn. Yúróòpù kò gbà ju 4 lọ nínú ẹ̀pà tó ti délẹ̀ fún jíjẹ, ìyẹn gíráàmù mẹ́rin péré nínú ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù.

Ẹni tó bá kàn bu ẹ̀kúnwọ́ kan lókè àpò, irọ́ ló bù. Fún ẹ̀pà tọ́ọ̀nù 15, ìlànà Yúróòpù ní kí wọ́n bù ú láti ojú ibi 100 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ á tó 20 kìlógíráàmù. Ẹ wo òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́: ó ń ti irin oníhò bọ àpò láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti ìsàlẹ̀. Kì í mú àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan, kì í sì jẹ́ kí ẹlẹ́rù bá òun yan èyí tí òun máa gún. Èyí tó yọmọ, èyí tó rún, èyí tó fọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń kó. Kì í ṣa ẹ̀pà. Ẹni tó bá ṣà á ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́.

Gbogbo ohun tó bù yẹn náà ni yóò lọ̀. Òróró ẹ̀pà kì í jẹ́ kó lọ̀ dáadáa ní gbígbẹ, nítorí náà àwọn mìíràn máa ń po omi mọ́ ọn, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná bí ògì. Ìgbà tí ẹyọ burúkú yẹn bá ti fọ́ kárí délẹ̀délẹ̀ ni ṣíbí kan tó lè sọ òtítọ́ nípa tọ́ọ̀nù 15.

Lẹ́yìn náà ni methanol àti omi yóò fa májèlé jáde, tí wọ́n á sẹ́ ẹ, tí wọ́n á sì dà á gba inú ike róbótó kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Èròjà kan wà nínú ike náà tó jẹ́ pé aflatoxin ló mọ̀ ọ́n dì mú. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù láti wò. Ńṣe ni omi náà gbọ́dọ̀ máa kán, ẹ̀kán kan tẹ̀ lé òmíràn. Bó bá sáré, májèlé á bá a lọ láì dì mọ́ nǹkan kan, èsì á sì ní ẹ̀pà mọ́ nígbà tí kò mọ́. Òṣìṣẹ́ á dúró tì í, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára ẹ̀kán yẹn. Tó bá ti fi omi ṣan inú ike náà, á rọ methanol díẹ̀ sí i, á sì ní sùúrù kó tó jẹ́ kó kán, kí èyí tó dì mọ́ ibẹ̀ lè tú sílẹ̀ tán. Ẹ̀yìn èyí ló tó gbé e fún ẹ̀rọ.

Èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni pé ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí. Kí òṣìṣẹ́ tó dá ẹ̀pà oníṣòwò lẹ́bi, á mú ẹ̀pà tó dá a lójú pé ó mọ́ gba ọ̀nà kan náà, kó lè mọ̀ bóyá ohun èlò òun ni kò mọ́. Á tún po aflatoxin tó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ òmíràn, kó wo iye tí òun máa rí gbà padà. Bó bá fi 10 sí i tó rí 5, kò ní fọwọ́ sí èsì ọjọ́ náà. Á tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀mí wà nídìí iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 2004, ní Kenya, àgbàdo tó bu sọ ènìyàn 317 di aláìsàn, 125 nínú wọn sì kú. Bí màlúù bá jẹ oúnjẹ tó ní aflatoxin, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba inú wàrà dọ́dọ̀ ọmọdé. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé èsì wá pé ẹ̀pà yín tàbí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn yín yege, ẹ má wo nọ́ńbà nìkan. Ẹ béèrè ẹni tó bù ú, ibi mélòó ló ti bù ú, àti iye tó lọ̀ nínú rẹ̀. Inú òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á dùn sí ìbéèrè yẹn, á sì ní ìdáhùn rẹ̀ lákọsílẹ̀.